Àyè tí mo gé dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta pupa

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ nípa ẹ̀ níbí, fọ́tò ẹyọ kan tí mo yà lẹ́ẹ̀mejì nínú itẹ́ òkú. Kámẹ́rà ò bàjẹ́, káàdì ò sọnù, òjò ò dá iṣẹ́ dúró. Fọ́tò àkọ́kọ́ mọ́ kedere, gbogbo lẹ́tà tó wà lára òkúta ló ṣeé kà, àwọn tá a jọ ń ya fọ́tò rí i wọ́n ní ó dáa gan-an, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mo yà á fún ló wò ó tí wọn ò dá a mọ̀. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ torí mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló máa ń gé fọ́tò sàréè báyìí, ó ti mọ́ wa lára ni.

Àǹtí kan tí mo mọ̀ ló pè mí. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí Màmá àwọn lè lọ sídìí sàréè Dádì mọ́, ó ti lé lọ́dún méjì tí wọ́n ti débẹ̀ gbẹ̀yìn, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ibẹ̀. Wọ́n fẹ́ fọ́tò kan tí wọ́n á gbé sórí tábìlì kékeré ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ ṣáà bá wa ya sàréè Dádì kó dáa," gbogbo ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, èmi náà ò bi wọ́n ní nǹkan míì ju ìwọ̀n férémù lọ. Wọ́n ní férémù ti wà nílẹ̀, 8 ní 10 ínṣì, olóòró. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò bèèrè pé kí ni Màmá fẹ́ rí tí wọ́n bá jí láàárọ̀ tí wọ́n yíjú síbẹ̀. Ìbéèrè yẹn ò lè gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ká ní mo bèèrè ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mi ò bá lọ.

Ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ búlúù ni mo débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ibẹ̀ ṣe rí torí orí ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Òkúta Dádì, gírànáìtì pupa ni, pupa bí amọ̀ tí wọ́n ti sun níná, wọ́n dán ojú ẹ̀ bíi díńgí àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ rí gbágungbàgun. Lápá ọ̀tún, sàréè ìdílé míì ló wà níbẹ̀, tuntun ni, òkúta funfun, òdòdó oníke aláwọ̀ pínkì yí i ká. Lápá òsì, koríko ni, koríko lásán, kò sí òkúta kò sí àmì kankan, fífẹ̀ ẹ̀ á tó ti sàréè kan. Igi kan wà lókèèrè lẹ́yìn koríko yẹn. Lẹ́yìn òkúta Dádì gangan, ẹ̀rọ omi kan àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ìdọ̀tí búlúù kan, àwọn nǹkan tó máa ń wà nínú itẹ́ òkú tí gbogbo wa máa ń sá fún.

Ìlà oòrùn ni òkúta yẹn kọjú sí. Kùtùkùtù àárọ̀, oòrùn á máa wo ojú ẹ̀ tààrà, lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sínú ẹ̀ ò ní òjìji, gbogbo ẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Àmọ́ tí oòrùn bá ti ń lọ sókè tó wá kù díẹ̀ kó fi ojú òkúta sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa rá lára ẹ̀ látòkè, á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lọ gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, ìgbà yẹn ni etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan máa ń ju òjìji sínú kòtò ara ẹ̀, èèyàn á wá rí orúkọ kà láti òkèèrè. Kì í pẹ́ kọjá lọ. Lẹ́yìn ọ̀sán, ojú òkúta ti wọ òjìji nìyẹn. Àwọn kan ò ní sùúrù fún èyí, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì tàbí fóòmù ìfárùngbọ̀n kun lẹ́tà kó lè hàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò, ó ń ba òkúta jẹ́, ẹ dúró de oòrùn.

Bí mo ṣe ń dúró de oòrùn, mo kàn ya ọ̀kan ná, mo gbé kámẹ́rà síbùú, mo yà á fẹ̀ kí n ṣáà lè mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí. Òkúta, koríko, igi, bọ́kẹ́ẹ̀tì, òdòdó àwọn ará ẹ̀gbẹ́, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Mi ò ka ìyẹn sí fọ́tò rárá. Lẹ́yìn ẹ̀ ni mo gbé kámẹ́rà sóòró, mo sún mọ́ òkúta, mo ya 62 sí i, kò sí èyí tí òkúta ò kún inú ẹ̀. Gírànáìtì tí wọ́n dán yìí tún fún mi níṣẹ́ torí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo wọ̀ ló ń hàn lójú ẹ̀, fíltà tó ń gé ìdán kù, tí wọ́n ń pè ní polarizer, kì í sì ṣiṣẹ́ téèyàn bá dúró gangan níwájú nǹkan, àfi kéèyàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ dáadáa. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn náà tún wá gé koríko apá òsì yẹn dànù pátápátá.

Kí ló dé tí mo fi sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀? Mo ti bi ara mi. Àkọ́kọ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì. Èkejì, orúkọ tó wà lára òkúta ẹ̀gbẹ́, sàréè tuntun tí ọkàn àwọn tó ni ín ò tíì balẹ̀, kò tọ́ kí n gbé orúkọ èèyàn wọn wọ yàrá ẹlòmíì láìtọrọ, orí èyí ni mo ṣì wà títí di báyìí. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ férémù. Kámẹ́rà mi máa ń yàwòrán ní ìwọ̀n 3:2, ìyẹn mẹ́ta sí méjì, 6000 ní 4000 píksẹ́ẹ̀lì (àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò), férémù 8 ní 10 sì jẹ́ 4:5, ó di dandan kí èèyàn gé ìdá kan nínú mẹ́fà òòró fọ́tò dànù kó tó lè wọlé, ọkàn mi ti wà lórí gígé kí n tó dé ibẹ̀ rárá. Ẹ̀kẹrin ló dùn mí jù: mo wo koríko yẹn mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Téèyàn bá gé fọ́tò sàréè, ohun tó ń sọ ni pé èyí ló ṣe pàtàkì, èyí ò sí níbẹ̀. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó, ẹni tí wọ́n gé kúrò lè pariwo. Níbí, kò sẹ́ni tó máa pariwo. Fọ́tò kan wà tí mo máa ń rántí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Walker Evans ló yà á nínú itẹ́ òkú kan ní Bethlehem, Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, lóṣù kọkànlá ọdún 1935, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba ibẹ̀. Àgbélébùú òkúta ńlá kan wà níwájú, ilé àwọn òṣìṣẹ́ tò sẹ́yìn ẹ̀, òpó èéfín ilé iṣẹ́ irin wà lẹ́yìn àwọn ilé, gbogbo ẹ̀ há mọ́ra bíi pé ẹsẹ̀ méjì péré ló wà láàárín wọn. Ẹlòmíì á ti ní kí wọ́n gé òpó èéfín yẹn kúrò, ó ń ba itẹ́ òkú jẹ́. Tí wọ́n bá gé e, àgbélébùú lásán ló kù. Ibi tí àwọn èèyàn yẹn ti ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n ń sùn àti ibi tí wọ́n sin wọ́n sí ló wà nínú férémù kan yẹn. Mo mọ fọ́tò yìí tipẹ́, mo sì tún lọ ṣe òdìkejì ẹ̀.

Ó wá kan àwọ̀. Nígbà tí mo dé orí kọ̀ǹpútà, pínkì òdòdó oníke ṣì yọ díẹ̀ létí ọ̀tún, koríko ń pariwo, búlúù ojú ọ̀run náà ń pariwo. Mo ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe tí àwọ̀ bá ń jà, mo sọ gbogbo ẹ̀ di dúdú-àti-funfun. Inú itẹ́ òkú, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ léèrè ìdí, wọ́n á ní ó bá ìbànújẹ́ mu. Mo wá fẹ́ kí ojú ọ̀run ṣókùnkùn díẹ̀ kí òkúta lè yọ síta, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò ṣàjèjì, wàá gbé pupa sókè wàá fa búlúù wálẹ̀, bí ìgbà tí àwọn àgbà ń fi fíltà pupa síwájú lẹ́ǹsì. Ojú ọ̀run ṣókùnkùn lóòótọ́. Mo fa àwọ̀ ewé wálẹ̀ pẹ̀lú, koríko náà ṣókùnkùn. Òkúta yọ síta, ó mọ́lẹ̀, ó dá dúró láàárín òkùnkùn, lójú mi nígbà yẹn, ó rẹwà.

Ẹni tó bá ti mọ iṣẹ́ yìí á ti rí ohun tí mo ṣe. Ohun tó ń mú ojú ọ̀run ṣókùnkùn yẹn gan-an ló ń mú nǹkan pupa funfun. Òkúta pupa Dádì jáde bíi mábù. Àwọn fíìmù àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní orthochromatic ò sì rí pupa rárá, ká ní orí ẹ̀ ni mo yà á sí, òkúta kan náà ì bá jáde ní dúdú. Mo ń sọ èyí torí àwọn èèyàn máa ń rò pé dúdú-àti-funfun kò purọ́, pé ó kàn mú àwọ̀ kúrò ni. Kò mú un kúrò o, ẹni tó ń ṣe é ló ń yan èyí tó máa funfun àti èyí tó máa dúdú, tí kò bá yàn, kọ̀ǹpútà á bá a yàn.

Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi sínú férémù, mo gbé e lọ.

Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣàdúrà fún mi kí wọ́n tó wò ó rárá. Wọ́n wá wò ó. Wọ́n yọ gíláàsì ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi sójú. Wọ́n fi ìka tọ orúkọ Dádì lórí díńgí férémù láti lẹ́tà kan sí ìkejì, wọ́n ní, "Orúkọ ẹ̀ nìyí. Àmọ́ òkúta wa kọ́ nìyí." Àǹtí ní, "Òun náà ni, Mọ́mì, ẹ wò ó dáadáa." Màmá yíjú sí mi, ẹ̀rù ti ń bà wọ́n: "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti pààrọ̀ òkúta ẹ̀ ni? Pupa la rà. Èmi àti òun la jọ lọ yàn án nígbà tó ṣì lè rìn, èmi fẹ́ dúdú, ó ní pupa lòun fẹ́, mo gbà fún un." Mo ní rárá mà, òkúta yẹn náà ni, èmi ni mo yọ àwọ̀ ẹ̀ kúrò. Wọ́n ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi yọ ọ́?" Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa òdòdó pínkì àti ojú ọ̀run kò jáde lẹ́nu mi, mi ò rí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún wọn.

Wọ́n tún wò ó, wọ́n yẹ etí òsì férémù wò bíi pé nǹkan wà lábẹ́ ẹ̀. "Ibi tèmi ńkọ́?"

Mi ò tètè mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àǹtí ló mọ̀, wọ́n wolẹ̀. Àyè méjì ni Màmá àti Dádì jọ rà lọ́jọ́ kan náà, ẹ̀gbẹ́ síra. Koríko apá òsì yẹn, ti Màmá ni. Ohun tí wọ́n fẹ́ máa rí láti orí bẹ́ẹ̀dì wọn ni Dádì àti àyè tó ń dúró dè wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo sì ti gé e kúrò kí fọ́tò lè mọ́.

Mo rántí fọ́tò tí mo yà síbùú yẹn, ó wà nínú fóònù mi torí gbogbo fọ́tò ló máa ń wọ ibẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo ṣí i fún wọn, ó ní àwọ̀, kò dáa, bọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù ń wò wá. Màmá gba fóònù, wọ́n fi ìka lé orí koríko. "Òun nìyí," ni wọ́n sọ. Wọ́n ò rí bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn rárá. Wọ́n tún sọ nǹkan kan nígbà yẹn tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má fetí sí: wọ́n ní òkúta yìí ti gbó o, pupa ẹ̀ ti ṣá, ó tàn jùyẹn lọ.

Ohun tó rọrùn jù ni kí n mú fọ́tò ìbú yẹn tàbí kí n mú èyí tí mo yà lóòró kí n ní kí kọ̀ǹpútà bá mi fi koríko kún apá òsì ẹ̀. Sọ́fítíwià ń ṣe é báyìí, á fẹ fọ́tò síwájú, á hùmọ̀ koríko tó jọ tòótọ́ tí ojú ò ní mọ̀. Fọ́tò ìbú yẹn, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti òdòdó àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ṣì wà nínú ẹ̀. Ti kọ̀ǹpútà, mo jókòó síwájú ẹ̀, ọwọ́ mi ò gbà. Lórí iṣẹ́ míì mo lè ṣe é, ibí yìí, koríko yẹn gan-an ni Màmá ní kí n lọ yà, tí mo bá hùmọ̀ ẹ̀, kì í ṣe àyè wọn ni mo fún wọn. Gígé tí mo gé lórí kọ̀ǹpútà ṣeé dá padà, fáìlì RAW, ìyẹn èyí tí kámẹ́rà tọ́jú láìtíì tún un ṣe, ṣì ní gbogbo ẹ̀ nínú. Gígé tí mo fi ẹsẹ̀ gé nígbà tí mo sún mọ́ òkúta, kò sí fáìlì tó máa dá ìyẹn padà. Mo padà lọ lọ́jọ́ kẹsàn-án.

Wọ́n ti gé koríko. Mo bá àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kí n tó gbé kámẹ́rà síta. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò sún mọ́ ọn, mo sún sẹ́yìn pẹ̀lú lẹ́ǹsì 50mm dípò kí n lo lẹ́ǹsì tó fẹ̀ ní tòsí, torí lẹ́ǹsì tó fẹ̀ á na koríko yẹn gbọọrọ, òkúta Dádì á wá dà bíi pé ó jìnnà sí àyè Màmá ju bó ṣe rí lọ, mi ò fẹ́ kí fọ́tò mi ya àwọn méjèèjì nípa. Mo kúnlẹ̀, mo gbé kámẹ́rà dọ́gba pẹ̀lú àárín òkúta kó má baà dà bíi pé ó ń ṣubú sẹ́yìn. Mo gbé ẹsẹ̀ méjì sí ọ̀tún, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ omi wọ ẹ̀yìn òkúta, kò sóhun tí mo ní láti pa rẹ́. Etí ọ̀tún, mo gé e síbi àlàfo tó wà láàárín òkúta Dádì àti ti ìdílé kejì, orúkọ wọn ò wọlé. Òkúta wá dúró sápá ọ̀tún, koríko gba gbogbo apá òsì, igi ń wò ó láti ẹ̀yìn. Ẹni tí kò mọ ìtàn ẹ̀ á ní mo gbé òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìnídìí.

Lórí pupa, mo kọ́kọ́ rò pé ara dídarúgbó ni ọ̀rọ̀ Màmá. Àǹtí ti fi fọ́tò àtijọ́ kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkúta síbẹ̀, òkúta ibẹ̀ pupa yòò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fọ́tò àwọ̀ tí wọ́n tẹ̀ tipẹ́ máa ń ṣá, ní ọ̀pọ̀ nínú wọn àwọ̀ tó dà bíi búlúù ló máa ń kọ́kọ́ kúrò, gbogbo ohun tó kù á wá rẹ̀ sí pupa, títí kan awọ ara èèyàn. Mi ò lè fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n. Mo ti ronú pé màá kàn gbé pupa sókè díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kí Màmá lè gbà á.

Eruku wà lójú òkúta nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kejì yìí, àti àwọn koríko wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ tó ń gé e fọ́n lé e lórí. Mo bu omi lásán láti ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn, mo fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Bí omi ṣe kan gírànáìtì yẹn, pupa ẹ̀ jáde. Jáde báwo? Bí ẹní jí lójú oorun. Ibi tó gbẹ ṣì ṣá, ibi tó tutù pupa dòò, àwọn èérún dúdú kéékèèké inú ẹ̀ tí mi ò rí tẹ́lẹ̀ ń hàn. Mo pe Àǹtí níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ bi Màmá, tí wọ́n bá wá síbí tẹ́lẹ̀ kí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe. Mo ń gbọ́ ohùn wọn láti ẹ̀yìn: "Màá fọ̀ ọ́ ni. Ó fẹ́ràn kí nǹkan mọ́."

Gbogbo ìgbà tí Màmá ti wo òkúta yẹn ní ìwò fínnífínní, omi ló wà lára ẹ̀. Pupa tí wọ́n mọ̀ nìyẹn, wọn ò ṣì í rántí. Mo fi omi nu gbogbo ojú ẹ̀ pátá, mo sì ya fọ́tò kó tó gbẹ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo ní torí oòrùn ti ń sún kúrò lójú lẹ́tà.

Lórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ò pọ̀. Mo ti ya páálí aláwọ̀ eérú kan síwájú òkúta ṣáájú, òun ni mo fi tún white balance ṣe, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí àwọ̀ hàn bó ṣe rí lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀, ó bọ́ sí nǹkan bíi 5500K, bíi ti ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Abẹ́ igi tí òjìji wà ṣì rí búlúù díẹ̀, bó ṣe máa ń rí nínú òjìji nìyẹn, mo fi í sílẹ̀. Mo rẹ àwọ̀ ewé koríko sílẹ̀ díẹ̀ torí kámẹ́rà máa ń jẹ́ kó yòò ju bí ojú ṣe rí i lọ, mi ò jẹ́ kó gbẹ ṣá, àyè èèyàn ni. Pupa, mi ò fọwọ́ kàn án.

Férémù 8 ní 10 yẹn ò gbà á, mo ra òmíì, 12 ní 8 ínṣì, tó bá 3:2 mu, mo sì tẹ fọ́tò sórí pépà tí kò dán kí iná ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì má baà máa tàn lójú ẹ̀. Màmá ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n fi ọwọ́ kan òkúta, wọ́n fi ọwọ́ kan koríko, wọ́n ní, "Wọ́n ti bá mi gé e." Wọ́n ní kí n bá wọn tẹ kékeré kan sí i, èyí tó máa wọ inú ìwé àdúrà wọn. Mo tẹ ẹ́ ní 4 ní 6 ínṣì. 3:2 náà ni, mi ò ní láti gé nǹkan kan.